DO-1, àǹtíbọ́dì tí a fi ń wá p53: ó mọ ojú, kò mọ ìwà

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi pé nínú gbogbo àǹtíbọ́dì (prótéènì tí ń dá ohun kan pàtó mọ̀, tí ó sì ń so mọ́ ọn) tí wọ́n ń tà fún wíwá prótéènì p53 ti ènìyàn, èwo ni ó yẹ kí yàrá ìwádìí kọ́kọ́ rà, DO-1 ni màá dárúkọ láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun tí ó bá rí máa ń hàn ketekete, kì í sábà so mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí tí a bá sì rà lónìí kì í yàtọ̀ sí èyí tí a ti rà tipẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹni náà sanwó kí n tó sọ fún un pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni DO-1 mọ̀: ó ń sọ fún ni bóyá p53 wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń jẹ́ kí a mọ bí ó ti pọ̀ tó. Bóyá p53 tí ó rí yẹn ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti bàjẹ́, kò lè sọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn sí àǹtíbọ́dì yìí, ìbéèrè kejì ni wọ́n gbé fún un, ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ni ó sì fún wọn.

Prótéènì tí jíìnì TP53 ń kọ́ ni p53. Orí apá kúkúrú kúrómósóòmù kẹtàdínlógún ni jíìnì náà wà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní 17p13.1, prótéènì tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde sì ní ámínò ásíìdì 393, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ń so pọ̀ di prótéènì. Iṣẹ́ àkóso ni iṣẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin nínú rẹ̀ máa ń so pọ̀ láti di DNA mú, ibi tí wọ́n bá sì dì mú ni wọ́n ti ń pàṣẹ kí jíìnì tí ó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lára àwọn jíìnì tí ó ń gba àṣẹ yìí ni CDKN1A, tí ń mú prótéènì p21 jáde láti dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè bá DNA tí ó bàjẹ́. BAX àti PUMA náà wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń ti sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ sí ikú. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni MDM2. p53 fúnra rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ pé kí MDM2 jáde, MDM2 yóò sì padà wá di p53 mú, yóò fi àmì ìparun sí i lára, ẹ̀rọ tí ń fọ́ prótéènì nínú sẹ́ẹ̀lì yóò sì fọ́ ọ túútúú. Nítorí ìdí èyí, p53 kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan kan kò ṣe, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ni a fi ń ka ọjọ́ ayé rẹ̀, kì í ṣe wákàtí. Bí nǹkan bá ba DNA jẹ́, àwọn prótéènì bíi ATM àti CHK2 yóò lẹ fọ́sífétì mọ́ apá iwájú p53, ọwọ́ MDM2 yóò yọ̀ lára rẹ̀, p53 yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àǹtíbọ́dì ti wà nínú ìtàn prótéènì yìí. Ní ọdún 1979, David Lane àti Lionel Crawford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daniel Linzer àti Arnold Levine ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, ń fi àǹtíbọ́dì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí kòkòrò àrùn SV40 fa jẹjẹrẹ sí lára wá prótéènì kòkòrò náà nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti fa prótéènì kòkòrò yẹn jáde, prótéènì mìíràn tí kì í ṣe ti kòkòrò á bá a jáde. Wọ́n wo ibi tí ó dúró sí lórí jẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń to prótéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, ó súnmọ́ 53,000 dalton, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn prótéènì, nọ́ńbà yẹn ni ó sì di orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tí a bá ṣírò ámínò ásíìdì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ju nǹkan bí 43,700 lọ. Fún ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ka jíìnì náà mọ́ àwọn tí ń fa jẹjẹrẹ, nítorí pé àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ń lò nínú ìwádìí ti ní àbùkù lára. Ọdún 1989 ni iṣẹ́ láti yàrá ìwádìí Levine àti ti Bert Vogelstein fi hàn pé òdìkejì ni òtítọ́, pé jíìnì tí ń dènà jẹjẹrẹ ni. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì àwọn jẹjẹrẹ ènìyàn ni TP53 ti bàjẹ́ nínú wọn.

Ọdún 1992 ni Bořivoj Vojtěšek, David Lane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde DO-1, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ DO-7. Wọ́n fún eku ní p53 ti ènìyàn, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè àǹtíbọ́dì lára eku náà, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, wọ́n sì yan ìdílé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú èyí tí ó jáde. Nítorí pé ìdílé kan náà ni gbogbo DO-1 ti wá, irú àǹtíbọ́dì kan náà, tí wọ́n ń pè ní IgG2a, ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í yí padà bí àwọn tí wọ́n ń fà jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro, tí ehoro kan yóò yàtọ̀ sí èkejì. Ámínò ásíìdì 20 sí 25 ni ó ń dì mú lára p53, ìyẹn serine, aspartate, leucine, tryptophan, lysine àti leucine tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Mo rọ olùkàwé pé kí ó má ṣe fojú fo ibi kékeré yìí, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn lára DO-1 àti gbogbo ohun tí mo bá a jà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Àkọ́kọ́, ibi tí ó ń dì mú jẹ́ ìtòtẹ̀léra lásán. Kì í ṣe ìrísí tí prótéènì ká ara rẹ̀ jọ sí. Bí a bá sè prótéènì nínú SDS, tí ó dà bí ọṣẹ líle, títí gbogbo ìrísí rẹ̀ fi tú ká, DO-1 ṣì mọ̀ ọ́n. Èyí ni ó fi jẹ́ pé Western blot ni ó dára sí jù, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń to prótéènì lórí jẹ́ẹ̀lì, tí a ń gbé e sórí awọ, tí a sì ń fi àǹtíbọ́dì wá a níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ tèmi, ìlà kan ṣoṣo ni ó máa ń yọ ní àyíká 53,000 dalton, abẹ́ rẹ̀ mọ́, òkè rẹ̀ mọ́, ó sì tó kí n lè gé awọ tí a gbé prótéènì lé lórí sí méjì láìbẹ̀rù, kí n fi ìdajì ìsàlẹ̀ wá p21. Bí ìlà méjì bá yọ tí wọ́n súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí a má ṣe kọ́kọ́ dá àǹtíbọ́dì lẹ́bi. Ní ipò 72 lára p53, àwọn ènìyàn kan ní arginine, àwọn mìíràn ní proline, ẹ̀yà tí ó ní proline sì ń lọ́ra díẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó jogún méjèèjì lè fi méjèèjì hàn. Ìwọ̀n 1 sí 1,000 tí ọ̀pọ̀ olùtajà ń kọ sínú ìwé wọn pọ̀ jù fún sẹ́ẹ̀lì tí p53 ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bomi là á sí i. Ó máa ń bani nínú jẹ́ láti rí àwòrán tí ìlà p53 ti dúdú kọjá wíwọ̀n, tí ẹni tí ó ṣe é sì ń sọ pé ó fi ìlọ́po mélòó kan ju èkejì lọ.

Sẹ́ẹ̀lì tí a ó fi ṣe ìfiwéra ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Fún ibi tí kò ti gbọ́dọ̀ sí ìlà rárá, H1299 tàbí Saos-2, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí a ń gbìn ní yàrá ìwádìí, ni mo máa ń lò, nítorí pé àwọn méjèèjì kò ní p53 kankan. Lórí wọn, DO-1 máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ni ẹ̀rí tí ó tó fún mi pé ohun tí mo sanwó fún ni mo rí gbà. Fún p53 tí kò ní àbùkù, sẹ́ẹ̀lì MCF-7 dára: ìlà rẹ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ara sẹ́ẹ̀lì bá balẹ̀, yóò sì wúwo bí a bá fi oògùn jẹjẹrẹ doxorubicin ba DNA rẹ̀ jẹ́, tàbí bí a bá fi Nutlin-3 dí MDM2 lọ́wọ́. Nutlin-3, tí wọ́n kéde ní ọdún 2004, ń jókòó sínú kòtò kan lára MDM2 tí phenylalanine 19, tryptophan 23 àti leucine 26 ti p53 máa ń wọ̀ sí. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé agbègbè kan náà ni DO-1 ń dì mú. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá bá wa.

Ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a to sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mẹ́rin sórí jẹ́ẹ̀lì kan náà: SK-BR-3, tí àbùkù R175H (arginine ipò 175 tí ó di histidine) wà lára p53 rẹ̀, HEK293T, tí ó gbé prótéènì ńlá ti SV40 nínú, HeLa, tí kòkòrò HPV wà nínú rẹ̀, àti MCF-7 tí a kò fi nǹkan kan pọ́n lójú. DO-1 yóò fi ìlà tí ó wúwo hàn fún méjì àkọ́kọ́, yóò sì fi ìlà tín-ín-rín hàn fún méjì ìkẹyìn. Ẹni tí kò mọ ìtàn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí yóò ní méjì tí ó wúwo ni p53 ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú SK-BR-3, p53 pọ̀, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò fi lè di DNA mú. Ọ̀kan lára ohun tí ó mú kí ó pọ̀ sì ni pé kò lè pàṣẹ fún MDM2 bí ó ti yẹ kí ó wá pa á run. Nínú HEK293T, kò sí àbùkù lára p53, ṣùgbọ́n prótéènì SV40 ti dì í mọ́lẹ̀ pinpin, ó ń pọ̀ ṣùgbọ́n kò rí àyè ṣe iṣẹ́, ìyẹn ohun kan náà tí wọ́n rí ní 1979. Nínú HeLa, jíìnì TP53 pé pérépéré, àmọ́ prótéènì E6 ti kòkòrò HPV ń rán p53 lọ sí ìparun bí ó bá ti ń jáde. MCF-7 nìkan ni ìlà tín-ín-rín rẹ̀ jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì tí àkóso p53 ṣì pé nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ní ìtàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà irú méjì péré ni wọ́n sì ní. Kì í ṣe àléébù DO-1 ni èyí. Ó sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó rí. Ẹni tí ń fẹ́ mọ̀ bóyá p53 ń pàṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ lọ wo àwọn tí ń gba àṣẹ, kí ó wọn p21 àti MDM2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ p53, ṣáájú kí ó tó ba DNA jẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti pinnu pé n kò ní tẹ́wọ́ gba àwòrán DO-1 kankan fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ p53 bí p21 kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí a bá kúrò ní Western blot, ojú DO-1 bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀. Ó lágbára láti fa p53 jáde láti inú omi sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń kó púpọ̀, kò sì nílò kí a fi ṣòfò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àǹtíbọ́dì eku ni, apá wíwúwo àǹtíbọ́dì náà sì máa ń dúró sí àyíká 50,000 dalton lórí jẹ́ẹ̀lì, ibi tí p53 gan-an ń dúró sí. Bí a bá fi DO-1 fa p53 jáde, tí a tún fi DO-1 wá a lórí awọ, tí a sì fi àǹtíbọ́dì kejì tí ń mọ ti eku kún un, ìlà dúdú kan ni a ó rí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ bóyá p53 ni tàbí àǹtíbọ́dì tí a fi fà á. Ọ̀nà àbáyọ wà: kí a ra èyí tí wọ́n ti lẹ HRP, ẹ́ńsáìmù tí ń mú kí ìlà hàn, mọ́ lára fún wíwá a, tàbí kí a fi àǹtíbọ́dì ehoro bíi CM1 wá ohun tí DO-1 fà jáde. Méjèèjì ń náni lówó sí i, n kò sì rò pé àwọn olùtajà ń sọ ọ́ tó nínú ìwé wọn.

Ohun tí ó tún burú jù fún iṣẹ́ fífà jáde ni ọ̀rọ̀ MDM2 tí mo fi sílẹ̀ lókè. Níbi tí MDM2 bá ti di p53 mú, ó bo ojú ibi tí DO-1 ń wá, nítorí náà p53 tí ó wà lọ́wọ́ MDM2 kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ DO-1. Ẹni tí ó bá fi DO-1 fa p53 jáde, tí kò rí MDM2 tí ó bá a jáde, kò gbọdọ̀ kọ̀wé pé àwọn méjèèjì kò so mọ́ ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àǹtíbọ́dì tí ń di apá ìparí p53 mú, bíi PAb421, ni ó yẹ, tàbí kí a fi àǹtíbọ́dì MDM2 bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì.

Fún fífà DNA tí p53 dì mú jáde, tí wọ́n ń pè ní ChIP, mo gbóríyìn fún un láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Apá tí ń di DNA mú wà láàárín p53, láti nǹkan bí ámínò ásíìdì 100 sí 300, iwájú sì ni DO-1 ń dì mú, nítorí náà wọn kì í dí ara wọn lọ́nà. Ibi tí p53 ń dì mú ní iwájú CDKN1A máa ń jáde ketekete, ibẹ̀ ni mo sì fi ń dán gbogbo ọjà tuntun wò.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà tí ń yẹ ẹran ara wò lábẹ́ máíkíróskóòpù yàtọ̀ díẹ̀. DO-1 ń ṣiṣẹ́ lórí ẹran tí wọ́n ti fi fọ́málíìnì pa mọ́, tí wọ́n fi paraffin dì, bí a bá kọ́kọ́ sè é nínú omi citrate tàbí Tris-EDTA kí ojú ibi tí ó bò lè ṣí. Ṣùgbọ́n DO-7 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò, ibi tí ó ń dì mú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi kan náà. Bí yàrá àyẹ̀wò bá ti ní ètò tí wọ́n ti dán wò pẹ̀lú DO-7, n kò rí ìdí tí wọn yóò fi fi DO-1 rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ tí ń jáde nínú méjèèjì ni ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Nínú ẹran tí TP53 rẹ̀ kò ní àbùkù, kókó sẹ́ẹ̀lì kan á gba àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn á gbà á díẹ̀ sí i, òmíràn kò ní gbà á rárá. Gbogbo rẹ̀ á rí wúruwùru. Bí gbogbo kókó sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá dúdú bákan náà, àbùkù tí ó pààrọ̀ ámínò ásíìdì kan ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, irú èyí tí ó máa ń bọ́ sí R175, R248 tàbí R273. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò bá sì gba àwọ̀ rárá, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbà á fẹ́ẹ́rẹ́, àbùkù náà ni, irú èyí tí ó gé prótéènì kúrú tàbí tí ó pa jíìnì náà rẹ́. Dúdú jù jẹ́ àmì àìsàn, òfìfo náà sì jẹ́ àmì àìsàn. Nítorí náà, ìwé àbájáde tí ó bá kọ pé p53 wà tàbí kò sí, láìṣàlàyé irú àwọ̀ tí ó rí, kò ran dókítà tí yóò kà á lọ́wọ́ rárá. Nínú jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin irú èyí tí wọ́n ń pè ní high-grade serous, níbi tí ìwádìí ńlá TCGA, tí ó yẹ jíìnì jẹjẹrẹ wò, ti ọdún 2011 ti rí àbùkù TP53 nínú 96% àwọn ẹran tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọ̀ wúruwùru yẹ kí ó mú kí dókítà tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, bóyá irú jẹjẹrẹ mìíràn ni. Bí àwọ̀ bá sì pòórá lára sẹ́ẹ̀lì aláìlábùkù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàápàá, a kò gbọdọ̀ ka òfìfo náà sí nǹkan kan; bóyá wọn kò tètè fi ẹran náà sínú fọ́málíìnì, tàbí wọn kò sè é dáadáa.

Àléébù mẹ́ta kan wà tí ó jẹ́ ti DO-1 fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹni tí ń lò ó. Serine 20 wà nínú ibi tí ó ń dì mú, CHK2 sì máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ serine yẹn gan-an nígbà tí DNA bá bàjẹ́. Fọ́sífétì náà máa ń dènà DO-1. Èyí túmọ̀ sí pé ní àkókò tí p53 ń pọ̀, apá kan nínú rẹ̀ lè fara pa mọ́ fún àǹtíbọ́dì tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, kò ba àbájáde lásán jẹ́, nítorí pé ìpọ̀sí náà ṣì máa ń hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fẹ́ nọ́ńbà pàtó kò gbọdọ̀ gbára lé DO-1 nìkan. Èkejì ni ti àwọn p53 kúkúrú. Kì í ṣe prótéènì kan ṣoṣo ni jíìnì TP53 ń kọ́: Δ40p53 bẹ̀rẹ̀ láti ámínò ásíìdì 40, Δ133p53 bẹ̀rẹ̀ láti 133, àwọn méjèèjì kò sì ní ibi tí DO-1 ń wá lára wọn. Yàrá ìwádìí tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí wọn kò níṣẹ́ kankan láti ṣe pẹ̀lú DO-1, àyàfi bí ó bá fẹ́ fi hàn pé ìlà tí ó rí kì í ṣe ti p53 gígùn. Ẹ̀kẹta, kò mọ p53 ti eku. Ó yani lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣì ṣe ń ra á fún iṣẹ́ eku, tí wọ́n á sì máa bínú pé ọjà ti bàjẹ́. CM5, tí wọ́n ṣe láti ara ehoro, ni kí wọ́n lọ wá. Ṣùgbọ́n àìmọ eku yìí náà ní ìwúlò: bí a bá gbin jẹjẹrẹ ènìyàn sí ara eku, DO-1 yóò fi ti ènìyàn hàn, yóò sì fojú fo ti eku, bí a bá ti rí ọ̀nà dí àǹtíbọ́dì eku tí ó wà nínú ẹran náà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ láti dá àwọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí ìrísí p53 ni ohun tí ó ń wá ní àǹtíbọ́dì méjì mìíràn láti rà. PAb1620 ń dì p53 tí ó ká ara rẹ̀ jọ bí ó ti yẹ mú, PAb240 sì ń dì èyí tí ìrísí rẹ̀ ti tú mú, bíi ti R175H. Àwọn méjì wọ̀nyí ni wọ́n súnmọ́ ìbéèrè ìwà tí DO-1 kò lè dáhùn, síbẹ̀ wọ́n ń béèrè ìtọ́jú púpọ̀: inú òtútù ni a gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́, láìsí SDS, láìsí ìsè. Bí a bá sè prótéènì, gbogbo p53 ni yóò tú, PAb240 yóò sì so mọ́ gbogbo wọn, aláìlábùkù àti alábùkù. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n kò ní fi wọ́n sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ DO-1 lò.

Ní ti rírà, olùtajà púpọ̀ ni ó ń ta DO-1, àǹtíbọ́dì kan náà sì ni gbogbo wọn ń tà. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ mọ́ tó, bí ó ti kì tó nínú ìgò, àti ohun tí wọ́n fi pa á mọ́. Mo ti bá olùtajà kan pàdé tí ó kọ «àǹtíbọ́dì p53» sára ìgò, tí kò kọ DO-1, tí kò kọ ibi tí ó ń dì mú. Ìgò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Kí a béèrè orúkọ ìdílé sẹ́ẹ̀lì, kí a béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní p53, kí a sì kọ nọ́ńbà ìpèsè rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́. Sodium azide wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò kí kòkòrò má bàa hù nínú rẹ̀. Májèlé ni, ó sì máa ń pa agbára HRP, nítorí náà èyí tí wọ́n ti lẹ HRP mọ́ kò gbọdọ̀ ní i nínú, a kò sì gbọdọ̀ fi omi tí azide wà nínú rẹ̀ po ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ àwọ̀ tàbí HRP mọ́ DO-1 gbọ́dọ̀ béèrè fún èyí tí kò ní azide, tí kò ní BSA (prótéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù), tí kò sì sí nínú omi Tris. Àwọ̀ tí ó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ àǹtíbọ́dì ni yóò lẹ̀ mọ́ BSA, ní ìgbà púpọ̀ BSA inú ìgò sì pọ̀ ju àǹtíbọ́dì fúnra rẹ̀ lọ.